Omi Tí Wọ́n Fi Búra

Èbúté-Ọ̀pẹ, lọ́nà Ìkọ̀yà,
Òkìtìpupa.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 1971

Ambrose ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú ìwé. Àlàáfíà ni a wà níbí, bí o bá yọ ti orúnkún mi sílẹ̀. Fọ́tò rẹ dé. Ìyá rẹ ti gbé e yí gbogbo ọjà Ìkọ̀yà ká. Dora ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo ẹ̀wù òtútù tí o wọ̀, ó béèrè bóyá ènìyàn méjì ló wà nínú rẹ̀. Mo ní ẹnì kan ni, ìyókù jẹ́ oyè tó ń bọ̀ lọ́nà.

Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé púpurú rẹ ti wà nínú ọkọ̀ òkun. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sódò, ló fọ̀ ọ́, ló mọ ọ́n róbótó, ló yan án lórí àjà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú. Ó ní kí o ha dúdú náà kúrò dáadáa kí o tó gún un, nítorí ó dá a lójú pé òyìnbó ti mú ọ gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ odò wa ni mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an. Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé ni omi ti yí padà. Ó funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ẹ̀kọ, ó sì ń rùn, òórùn kíkan kan tó ń há ènìyàn lọ́fun. Ẹja àrọ̀ ń léfòó, ikùn lókè. Àwọn ará Àpọ̀ì tó ń dẹ ìgèrè nísàlẹ̀ odò ti wa ọkọ̀ wọn lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sódò kì í rùn bí òdòdó. Nítorí náà, nígbà tí odò bẹ̀rẹ̀ sí í kan, imú gbogbo ìlú kọjú sí agbọ̀n tí àwọn obìnrin fi ń rẹ ẹ̀gẹ́. Jethro, olórí apẹja, ní ẹ̀gẹ́ wọn ló ń pa ẹja. Mo bi í pé ẹ̀gẹ́ tí ìyá tó bí i lọ́mọ rẹ sínú odò yìí, ẹja wo ló pa? Ó ní ti ayé àtijọ́ nìyẹn.

Lókè odò, ilé-iṣẹ́ rọ́bà tó rán ọ lọ sí Manchester ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọdún tó kọjá. Máníjà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Ó sọ̀rọ̀ títí òjìji fi kúrò lórí wa tó lọ bá òun. Ó ní ọ̀làjú ti gúnlẹ̀ sí èbúté wa. Mo wo èbúté lọ wo èbúté bọ̀, n kò rí i. Ó jọ pé ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé.

Ìbéèrè mi nìyí: kí ni wọ́n ń dà sínú oje rọ́bà kí ó tó dì? Níbo sì ni omi tó bá ṣẹ́ kù ń lọ? Dá mi lóhùn ní èdè tí ìyá rẹ lè gbọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zacchaeus Àríyọ̀


Manchester,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, 1971

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí Ìyá, mo kí gbogbo ilé. Púpurú kò tíì dé, ojú mi wà lọ́nà.

Ìbéèrè yín pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, Bàbá ò ní yé fún mi ní ìdánwò láé! Ẹ jẹ́ kí n fi yé yín pé ilé-iṣẹ́ ìgbàlódé ni ilé-iṣẹ́ wa, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì ya àwòrán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdàgbàsókè kì í wáyé láìmú ìyípadà díẹ̀ dání. Odò tí mo ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ níbí dúdú bí táyà, ìfófòó bo gbogbo ojú rẹ̀, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ní ti ẹ̀gẹ́, mo rò pé àkókò ti tó kí a bi ara wa léèrè bóyá ó yẹ kí a ṣì máa rẹ oúnjẹ sínú omi tí a ń mu. Àṣà yìí kò bá ìmọ́tótó mu. Ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn apẹja. Ẹ bá mi rọ Ìyá kí wọ́n máa fi ìkòkò rẹ ẹ̀gẹ́ nílé.

Ọmọ yín tòótọ́,
Ambrose Àríyọ̀,
Akẹ́kọ̀ọ́ nípa Ìmọ̀ Ẹ̀rọ


Èbúté-Ọ̀pẹ,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, 1971

Akẹ́kọ̀ọ́ nípa Ìmọ̀ Ẹ̀rọ,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kò ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó gbàgbé ni.

O mọ bí a ṣe ń ka lẹ́tà òkè òkun nílé wa. Pálọ̀ kún, ojú fèrèsé kún. Jethro náà wá, nítorí ẹ̀gbọ́n lo pè é láti kékeré. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi táyà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá rí ìlà tí o kọ nípa àwọn apẹja. Mo lè fò ó. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi gbogbo ayé mi na àwọn ọmọ tó ń fo ìlà? Mo kà á.

Jethro dìde. Ó ní, "Tíṣà, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà."

Mo tún un kà.

Ó ní, "Ọmọ wọn fúnra rẹ̀! Láti ìlú òyìnbó!"

Ìyá rẹ kó àwo tí àwọn àlejò fi jẹun, ó gba ẹ̀yìn lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Ọlọ́jà àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ti fòfin de rírẹ ẹ̀gẹ́ sódò. Àwọn obìnrin kó agbọ̀n wọn jáde, a wá dúró. Òórùn kò lọ. Ẹja kò yé kú. Ẹni tó bá ní ọpọlọ á rò pé èyí ti dá àwọn obìnrin láre. Àwọn ará ìlú wa ò rò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn ló bínú nítorí òfin, tó lọ da nǹkan búburú sómi láti fi gbẹ̀san.

Nítorí náà wọ́n ti lọ gbé ìbúra àtijọ́ jáde. Gbogbo obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ yóò bu omi odò náà mu níwájú ìlú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, omi á gbà á láyè. Ẹni tí tirẹ̀ kò mọ́, omi á mú un. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wa o, àti Ọlọ́jà tó ń gbé igbá ọrẹ lọ́jọ́ ìsinmi. Katikíìsì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí Àjíǹde kọjá ná. Wọ́n gbà fún un. Olúwa yóò kọ́kọ́ jíǹde, lẹ́yìn náà a ó búra.

Mo sọ fún ìyá rẹ pé kò ní mu ún. Ó ní, "Bàbá Ambrose, bí mi ò bá mu, wọ́n á ní èmi gan-an ni. Omi tí mo ti ń mu láti kékeré, kí ló fẹ́ fi mí ṣe?"

Mo ní, "Morìnsọ́lá, omi yẹn kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́."

Ó ní, "Ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn wọ́n nígbà náà."

N kò ní ẹ̀rí. Ìwọ lo wà níbi tí ẹ̀rí wà. Ambrose, ìbéèrè tí mo bi ọ́ kì í ṣe ìdánwò. Bi àwọn olùkọ́ rẹ. Tètè.

Bàbá rẹ


Manchester,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, 1971

Bàbá mi,

Ẹ má jẹ́ kí Ìyá mu omi náà. Ẹ foríjì mí pé n kò kọ́kọ́ kí yín. Mo ti fi wáyà ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo tún ń kọ èyí.

Mo lọ lo ọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan ní Leeds. Nígbà tí mo padà dé lálẹ́ àná ni mo bá lẹ́tà yín lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń dúró dè mí níbẹ̀, Bàbá.

Púpurú ti dé ṣáájú ọdún. Mildred, obìnrin tó ni ilé tí mo ń gbé, ní kí n gbé e síta nítorí òórùn rẹ̀. Inú bí mi sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gún un, tí mo fi omi gbígbóná rò ó, tí mo gbé òkèlè sẹ́nu, ó ní ohun kan nínú tí kì í ṣe ti ọwọ́ Ìyá. Ikùn mi dàrú fún ọjọ́ méjì. Mo tilẹ̀ ti ń gbèrò láti kọ̀wé pé kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ dáadáa.

Láàárọ̀ yìí, mo wọ yàrá tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò. Kí a tó lọ sí ìsinmi, a da ásíìdì sínú oje rọ́bà, ó dì bí wàrà, a yọ ọ́ kúrò. Omi tó ṣẹ́ kù, ẹnì kan gbàgbé rẹ̀ sínú bàsíà. Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Bàbá, òórùn púpurú Ìyá ló jáde síta.

Mo bi olùkọ́ wa. Ó ní ásíìdì wà nínú omi yẹn, ìdọ̀tí inú oje sì ń jẹrà nínú rẹ̀, tó fi ń gba èémí mọ́ ẹja nínú. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á sódò tí ènìyàn ń mu. Ìwọ̀nba bàsíà kan ni tiwa. Ti ilé-iṣẹ́ rọ́bà lọ́hùn-ún ń ti inú páìpù jáde lójoojúmọ́.

Ìyá kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo kọ ohun tí n kò mọ̀. Ẹ dákun, ẹ dá wọn dúró.

Ambrose


Èbúté-Ọ̀pẹ,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, 1971

Ambrose,

Jókòó kí o tó kà á.

Wáyà rẹ sùn sí ilé ìfìwéránṣẹ́ Òkìtìpupa títí wọ́n fi rí ẹni tó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, a ti sin ìyá rẹ.

O ní láti mọ bó ṣe lọ, nítorí àwọn mìíràn yóò sọ ọ́ fún ọ lọ́nà tiwọn. Wọ́n to àwọn obìnrin sí etí odò. Ìyá rẹ wọ aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ síbi Oúnjẹ Olúwa. Wọ́n gbé igbá fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn fi ètè kàn án. Dora mu díẹ̀, ó sì bì í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ ìyá rẹ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan ní ìlàjì. Ó gbé igbá náà mu tán, ó dojú rẹ̀ dé kí gbogbo ìlú lè rí i pé kò ṣẹ́ kù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù lọ ló mu jù lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀fun ti ń jó o. Ó bì, ó bì, inú rẹ̀ sì ń ṣí. Dora náà dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ rọ̀. A rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó pákó, a gbé ìyá rẹ sínú rẹ̀. Kò dé Òkìtìpupa.

Nígbà tí a gbé e padà wálé, àwọn ènìyàn ń yà fún wa lójú ọ̀nà. Wọ́n ní omi ti mú un. Ẹni tí omi ìbúra bá mú, a kì í sin ín sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í lu agogo fún un. Obìnrin tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láti ọdún tí a ti kọ́ ọ! Mo wo Katikíìsì, Katikíìsì ń wo bàtà rẹ̀. Èmi àti Dora tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, pẹ̀lú ìwọ̀nba àwọn tí ojú ń tì, la sin ín sí ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Mo ka lẹ́tà rẹ nígbà tó dé. Mo kà á fún ara mi nìkan, nítorí ọmọ tó ń sunkún ló wà nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ ni lẹ́tà tí mo lè kà sí etí ìlú, tó sọ ohun tó wà nínú omi àti ibi tó ti ń bọ̀. Mo mọ ẹni tó ń rán ọ ní ilé-ìwé. Mo mọ ohun tí wọ́n á ṣe bí wọ́n bá gbọ́. N kò pàṣẹ fún ọ. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé bí o bá kọ ọ́, n ó kà á dé ìsàlẹ̀, títí kan orúkọ rẹ. O mọ̀ pé n kì í fo ìlà.

Bàbá rẹ


Èbúté-Ọ̀pẹ,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, 1971

Ambrose,

Mo kí ọ. Mo ti lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ títí akọ̀wé ibẹ̀ fi ń gbé àga fún mi. Kò rí nǹkan fún mi, ó kàn ń fún mi ní àga.

Òjò ti ń rọ̀ gan-an. Odò ti kún, ó ti gbé òórùn náà lọ, omi ti mọ́. Ẹja díẹ̀ ti ń padà. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń sọ? Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ẹni tó ń ba omi jẹ́ ti lọ." Wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí mo bá ń kọjá, nítorí wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ


Manchester,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ, 1971

Bàbá mi,

Ẹ̀rù bà mí ni n kò ṣe kọ̀wé. N kò ní parọ́ fún yín. Mo kọ lẹ́tà yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mo ya á. Lẹ́yìn náà, ìwé kúkurú yín nípa òjò dé. Púpurú kan ṣoṣo ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. N kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè jù ú nù. Mo fi í sórí tábìlì níwájú mi láti kọ èyí. Láti ibi yìí lọ, ẹ kà á sókè.

Ọlọ́jà wa, ẹ̀yin àgbà ìlú, Ẹ̀gbọ́n Jethro, ẹ̀yin ìyá mi, mo kí yín.

Mo kọ̀wé nígbà kan pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gẹ́ ló ń ba omi jẹ́. N kò mọ ohun tí mo ń sọ. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dún bíi ti ọ̀mọ̀wé ni.

Ohun tó wà nínú odò wa jẹ́ omi tí ilé-iṣẹ́ rọ́bà ń dà nù. Ásíìdì ni wọ́n fi ń mú oje rọ́bà dì. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe é níbí, mo gbóòórùn rẹ̀, òórùn odò wa ni. Bí òjò bá pọ̀, omi ńlá á gbé e lọ, ẹ ò ní rí i. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi fà, ẹ ó tún rí i. Kì í yan ẹni tí yóò ṣe. Ẹni tó bá mu púpọ̀ ló ń ṣe lọ́ṣẹ́ púpọ̀. Ìyá mi mu tán.

Ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà ló ń rán mi ní ilé-ìwé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i.

Ambrose Àríyọ̀, ọmọ Morìnsọ́lá


Èbúté-Ọ̀pẹ,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kìn-ín-ní, 1972

Ambrose ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọdún. Mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé, mo ń dúró kí n rí ohun tí mo lè kọ.

Mo ka lẹ́tà rẹ sí etí ìlú lọ́sẹ̀ tó dé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n yìn mí pé ojú mi ṣì ń ríran. Jethro ní, "Tíṣà, ọmọ kò ní ṣe kó má gbè lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo odò." Odò ń dán bíi dígí.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé, omi fà. Nígbà tí Kérésì ń sún mọ́lé, òórùn náà padà wá. Ẹja léfòó. Kò sí ẹ̀gẹ́ ẹnikẹ́ni lódò, ìyá rẹ kò sì sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ọlọ́jà wá sílé mi, òun nìkan. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi tún lẹ́tà ọmọ yẹn kà." Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ rẹ, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Wọ́n ránṣẹ́ sí máníjà. Ó wá, ó gbé aago ògiri kan wá fún ilé-ìwé wa. Ó ní ilé-iṣẹ́ òun ń bá wa kẹ́dùn tọkàntọkàn lórí ìṣòro tí ojú ọjọ́ mú bá odò wa, pé wọn yóò sì gbé ìgbìmọ̀ dìde tí yóò wo bóyá ó yẹ kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde. Bóyá èmi ni mo fi èyí tó gbẹ̀yìn kún un. Dora dìde láàárín àwọn obìnrin, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti bu omi ṣáájú kí ọkùnrin náà tó dé.

Ó ní, "Máníjà, àwa mu ún. Ẹ̀yin náà, ẹ bá wa mu ún."

Máníjà rẹ́rìn-ín. Kò rí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ó wo Ọlọ́jà. Ọlọ́jà ní, "Bí a ṣe ń búra nílùú wa nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò ní ṣe é ní nǹkan."

Ọkùnrin náà gba igbá. Ó gbé e sún mọ́ imú rẹ̀, ó sì yára gbé e jìnnà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè mu èyí. Kò dára fún ènìyàn."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti bá wa sọ láti ìgbà tó ti dé, èyí ni àkọ́kọ́ tó yé gbogbo ìlú. Jethro jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Má ṣe rò pé wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa. Páìpù wọn ṣì ń sun. A kọ̀wé sí ìjọba, ìjọba sì kọ̀wé padà pé òun ti rí ìwé wa gbà. Ọ̀nà Ìkọ̀yà ni àwọn obìnrin ń rìn lọ pọn omi báyìí. Lẹ́tà rẹ tí o fi sọ pé wọ́n ti dá ẹ̀kọ́ rẹ dúró, pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì lo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, tẹ̀ mí lọ́wọ́. N kò kí ọ kú àdánù. Mo kí ọ kú iṣẹ́. Ní ti púpurú tó kù lọ́dọ̀ rẹ, má jẹ ẹ́, má sì jù ú nù. Bí o bá ń bọ̀ wálé, gbé e dání.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tò lọ sí oko ìyá rẹ. A kò hú u. Ibẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wà nítòsí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Katikíìsì ka ọ̀rọ̀ ìsìnkú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo tẹ̀ lé e nínú ìwé tèmi, kò fo ìlà kan. Lẹ́yìn náà wọ́n lu agogo. Jethro ló bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fà á, ó sì fà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

Àwọn kan láti Ìkọ̀yà ń kọjá lọ. Wọ́n dúró, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bi mí pé ta ló kú.

Mo ní, "Ìyàwó mi ni."

Wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n rò pé ọjọ́ ogbó ti ń yọ mí lẹ́nu. Mo wá ṣàlàyé fún wọn pé omi ìbúra ni wọ́n ní ó mú un tẹ́lẹ̀, pé òní ni ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ó kú.

Bàbá rẹ,
Zacchaeus Àríyọ̀